Omidùn Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Onírin

Ìfẹ́ ló kó wàhálà wọ ilé Láníyì láàárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìkórìíra ni. Ìkórìíra tiẹ̀ sàn díẹ̀, ó máa ń fojú hàn, èèyàn á sì mọ ọ̀nà tóun máa gbà sá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ téèyàn bí bá lóṣòó síwájú ẹni, tó gbé ife dání, tó ń rẹ́rìn-ín pé, "Màmá, ẹ mu ún, ọpọlọ yín á jí pépé," ta ni yóò sá fún un?

Fúnmiọlá, ìyàwó Láníyì, dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń wò wọ́n. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di ife náà mú. Omidùn ló wà nínú rẹ̀, omi kíkan tí wọ́n ń dà kúrò lórí ògì. Láti àárín ọ̀sẹ̀ ni Láníyì ti dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin, tó fi ọmọrí dé e, tó sì kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni Láníyì, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ọ̀wọ̀. Ó gbọ́ lórí rédíò pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní síńkì wà nínú ọpọlọ èèyàn, pé ibi tí ìrántí ń gbé gan-an ló pọ̀ sí. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó sọ ìyókù, NEPA mú iná lọ. Ó wá síńkì oníhóró káàkiri ilé ìtajà oògùn, kò rí. Ló bá rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé: síńkì ni ohun dídán tí wọ́n ń fi bo irin bọ́kẹ́ẹ̀tì kó má baà dípẹtà, ohun kíkan sì lè yọ ọ́ jáde. Àṣé oògùn ti wà lẹ́yìn ilé látọjọ́ yìí, tí wọ́n fi ń pọn omi.

"Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ," Fúnmiọlá ní, "mo tọ́ ọ wò lánàá. Ó ń ṣe ẹnu bí ìgbà téèyàn lá kọ́bọ̀."

"Síńkì lo tọ́ wò yẹn," ni Láníyì dáhùn. Inú rẹ̀ dùn. "Ó fi hàn pé ó ti jáde."

Màmá gbé ife náà mu tán. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn, wọ́n sì fi ohùn Ìṣùàdà, ìlú wọn, kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, bí a ṣe ń bi àlejò ibi tó ti wá.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Ibo lẹ ti ghá?"

 Láníyì gba ife lọ́wọ́ wọn, ó yí i sókè yí i sódò, bí ẹni ń wá ibi tó ti sán.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Yétúndé, ẹ̀gbọ́n Láníyì obìnrin, fi dé láti Ìfọ̀n. Báàgì òfìfo ló gbé lọ́wọ́. Fúnmiọlá rí báàgì náà, ó mọ ohun tó wá ṣe. Àdéhùn tí àwọn ọmọ méjèèjì ti bára wọn ṣe ni pé bí Màmá ò bá tíì lè pe orúkọ ọmọ wọn títí òní, Yétúndé á mú wọn lọ sí ilé àdúrà tó ń lọ ní Ìfọ̀n, wọ́n á sì máa gbé ibẹ̀.

"Láníyì, aṣọ Màmá dà?"

"Ẹ káàárọ̀ ná, Àǹtí mi."

"Káàárọ̀. Aṣọ Màmá dà?"

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tuntun kan fún wọn ni."

"Tuntun!" Yétúndé pàtẹ́wọ́. "Èyí tó o rà lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó oògùn nínú mọ́tò ńkọ́? Ṣé kì í ṣe tuntun ni? Wọ́n mu ún, wọ́n sùn lọ bí òkú, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá fádà."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá wọn. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ á mọ̀ pé ọmọ ni, kì í ṣe ọ̀tá.

"Màmá, ẹ wò mí dáadáa. Ta ni mí?"

Màmá wò ó, wọ́n wo gèlè rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan etí ìró rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò yẹ bí wọ́n ṣe hun ún wò.

"Aṣọ tẹ́ ẹ ró yìí kò nípọn tó," ni wọ́n sọ. "Ẹni tó hun ún ń kánjú. Ṣé ẹ ń tà á ni?"

Yétúndé dìde. Omi ti lé ròrò sí i lójú. "Ṣé o ti gbọ́? Ìwọ Fúnmiọlá, lọ di aṣọ wọn."

Fúnmiọlá ò mira. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Màmá wá láti Ìṣùàdà ló ti ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń wá wọn kiri bí wọ́n bá ti jáde. Kò sí ọ̀rọ̀ rere púpọ̀ tó rí gbà fún un. Síbẹ̀, wọ́n ti mọ́ ọn lára. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mo gbọ́ pé wọ́n ń de èèyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀."

"Irọ́ ni. Wọn kì í de èèyàn mọ́lẹ̀. Àwọn tó bá ń rìn kiri nìkan ni wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lẹ́sẹ̀, torí mọ́tò títì." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ rọ̀. "Ohun tí Wòlíì ní kẹ́ ẹ ṣe ńkọ́? Ṣé ẹ ń ṣe é?"

"À ń ṣe é, mà."

"Kò sẹ́ran?"

"Kò sẹ́ran. Kò sẹ́ja, kò sẹ́yin, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹ̀gúsí."

Wòlíì obìnrin tó ni ilé àdúrà Ìfọ̀n náà ló ti sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì, pé oúnjẹ tó bá lọ́ràá ni ẹgbẹ́ inú òkùnkùn fi ń bá Màmá jẹun pọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ fi kàn wọ́n lẹ́nu. Láníyì tó jẹ́ tíṣà ò gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ẹran, ló bá dákẹ́. Ọdún Àjíǹde ti dé, ó ti lọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ̀kọ ni Màmá ń jẹ. Ẹran inú ìkòkò sì wà, kò lọ ibì kankan, inú àwo Láníyì ló ń bọ́ sí.

Kí wọ́n tó parí ìjà náà, Màmá di inú mú. Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àpótí, omidùn sì tú jáde lẹ́nu wọn, ó tún tú, títí tó fi jẹ́ pé omi òróòro lásán ló ń bọ̀. Òógùn bò wọ́n. Nígbà tí Fúnmiọlá gbá wọn mú, ó rí i pé wọ́n fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ, egungun èjìká wọn sì ń gún un láyà.

Ariwo Yétúndé gba àdúgbò kan. Àwọn obìnrin tó wà létí kànga sún mọ́ ọgbà. Ẹ mọ̀ wá, ẹsẹ̀ wa kì í pẹ́ débi ọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti ń pọ̀ ọ́ o!" ọ̀kan ní.

"Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí ohun tí wọ́n gbé mì."

"Mo sọ ọ́ ṣáá. Arúgbó wo ni kì í mọ ọmọ rẹ̀ mọ́ lásán?"

Sàlímọ́tù, télọ̀ tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwọn, já láàárín wọn pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èébì bí ìwé, ẹ ò rí i pé èèyàn ń kú lọ? Ẹ yà fún mi!" Ó pe ọkọ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni Kàsúmù, mọ́tò oníbàárà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń tún bíréékì rẹ̀ ṣe. Epo bẹntiróò ṣọ̀wọ́n lásìkò náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó wà nínú mọ́tò náà á gbé wọn dé ọsibítù. Kàsúmù kàn ní kí wọ́n máa bẹ Ọlọ́run fóun lórí bíréékì. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Nínú mọ́tò, Láníyì gbé orí ìyá rẹ̀ sórí itan. Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà, Fúnmiọlá fẹ́ sọ ọ́, ó gbé e mì.

Ní ọsibítù, wọ́n fa omi sí Màmá lára. Ọwọ́ wọn gbẹ débi pé nọ́ọ̀sì wá iṣan títí kó tó rí i. Dókítà Ọlámúyìwá ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tí kì í pariwo. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí Màmá mu. Yétúndé wo Láníyì. Láníyì sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, látorí rédíò títí dé orí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó sọ ọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó dìde dúró.

Dókítà fetí sí i títí ó fi parí. "Tíṣà, kì í ṣe pé irọ́ lẹ gbọ́. Ẹ gbọ́ ààbọ̀ ni. Síńkì tó jáde sínú omidùn yẹn pọ̀ ju ohun tí ikùn lè gbà lọ. A dúpẹ́ pé wọ́n pọ̀ ọ́. Wọ́n á yè é."



Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí dókítà sọ ò kúrò lọ́kàn Fúnmiọlá. Kò fẹ́ràn kó dá sí ọ̀rọ̀ níbi tí ọkọ rẹ̀ bá wà, àmọ́ ẹnu yún un. "Dókítà, ẹ forí jì mí. Ṣé lóòótọ́ ni pé nǹkan ara bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wà lórí èèyàn?"

"Ó wà lórí tìrẹ báyìí, bó o ṣe ń bi mí." Ó fa àga, ó jókòó. "Bí èèyàn bá kọ́ nǹkan tuntun, orúkọ ni o, ọ̀nà ni o, orin ni o, àwọn fọ́nrán kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n máa ń nawọ́ síra wọn. Ibi tí ọwọ́ ti fẹ́ẹ́ kan ọwọ́, níbẹ̀ ni síńkì wà. Ó kéré ju ohun tí ojú lè rí. Ọ̀rọ̀ á kọjá, á tú jáde fẹ́rẹ́, á tún padà sáyè rẹ̀. Ohun tó bá ń kọjá níbẹ̀ léraléra, ọ̀nà rẹ̀ á máa gbòòrò. Ọpọlọ kì í ṣe òkúta, ìyàwó. Títí èèyàn fi máa kú ló ń tún ara rẹ̀ mọ."

Fúnmiọlá gbọ́wọ́ lé orí. Ó mọ̀ pé kò sóhun tí ọwọ́ á bá níbẹ̀, síbẹ̀ ó gbé e lé e. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọwọ́ tó ń nà síra wọn nínú orí òun, lásìkò tí òun ń gúnyán, tí òun ń fọṣọ, tí òun ń rò pé òun kàn jókòó lásán! Ẹ̀rù bà á, ó sì dùn mọ́ ọn. Èèyàn á máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri láti kékeré, kò ní mọ̀, á máa fi ru omi.

"Ti Màmá wá ńkọ́?" ni Láníyì béèrè.

"Àlùsáímà ni mo rò pé ó ń ṣe wọ́n. Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Kì í ṣe ẹgbẹ́, kì í ṣe èpè. Ìdọ̀tí kan ló máa ń dì sáàárín àwọn fọ́nrán wọ̀nyẹn, ọwọ́ ò ní lè kan ọwọ́ mọ́. Ìyókù ohun tí NEPA ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyí: àwọn onímọ̀ kan ní síńkì gan-an, bó bá pọ̀ jù níbi tí kò yẹ kó wà, ló ń mú kí ìdọ̀tí náà dì. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bára wọn jiyàn lọ́wọ́. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ ni, tó bá kéré, kò dáa, tó bá pọ̀, kò dáa."

"Ẹ̀yin, kí lẹ rò?"

"Mi ò mọ̀," ni dókítà wí. Ojú ò tì í láti sọ ọ́. "Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ."

Nọ́ọ̀sì ló pè wọ́n pé kí wọ́n wá wo nǹkan. Màmá ti lajú. Wọ́n ti fa táwẹ̀lì ọsibítù sórí àyà, etí rẹ̀ tó ti tú ni wọ́n dì mú. Ìka wọn ń ṣa òwú náà ní méjìméjì, wọ́n ń fi èyí kọjá lórí, wọ́n ń fi èyí gba abẹ́, wọ́n ń fà á le. Wọn ò wò ó. Òkè àjà ni wọ́n ń wò. Kí orí wọn tó dàrú, Màmá ló ń hun aṣọ ìyàwó àti aṣọ òkú fún ìdajì Ìṣùàdà, wọn kì í sì í tú òwú lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ìka wọn ti kọjá lára táwẹ̀lì náà gún régé.

Dókítà, nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ méjèèjì, gbogbo wọn dúró.  Fúnmiọlá ronú kan àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì wọn nílé, èyí tí kò dọ́gba, tí gbogbo àlejò ń fẹsẹ̀ kọ. Màmá ò mọ ilé náà rí kí wọ́n tó gbé wọn wá, orí wọn sì ti bàjẹ́ nígbà náà. Síbẹ̀ wọn kì í fẹsẹ̀ kọ ọ́ mọ́. Nígbà wo ni wọ́n kọ́ ọ? Ta ló kọ́ wọn? Ìyanu yìí wà nínú ilé òun látọjọ́ yìí, ẹ̀kọ ni òun ń pọ́n fún un.

"Kí ni Màmá ń jẹ?" ni dókítà béèrè. Apá wọn tó rí bí ẹ̀ka igi ló ń wò.



Yétúndé tú gèlè, ó tún un wé. Láníyì ń wo bàtà rẹ̀. Fúnmiọlá dúró dè wọ́n, torí àwọn ló ni ìyá. Nígbà tó rí i pé wọn ò ní sọ ọ́, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀kọ ni."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Ẹ̀kọ nìkan, dókítà. Láti ìgbà Lẹ́ǹtì."

 Nígbà tí dókítà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ga, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. "Tíṣà, síńkì tẹ́ ẹ wá kiri ilé oògùn, tẹ́ ẹ fi omidùn ha lára bọ́kẹ́ẹ̀tì, inú ẹran ló wà. Ó wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú ẹ̀gúsí. Mi ò ní parọ́ fún yín: àìjẹran kọ́ ló fa àìsàn yìí, ẹran ò sì ní wò ó. Kò sí ohun tí mo mọ̀ tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n orí tó ń jà bí èyí, ẹ tún wá fi ebi bá a jà."

Yétúndé bú sẹ́kún. "Wòlíì ló sọ fún mi. Mo rò pé mò ń gba ìyá mi là ni." Kò sẹ́ni tó mọ́ níbẹ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ òkò.

Wọ́n dá Màmá sílẹ̀ nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Sàlímọ́tù ti fọ ẹ̀yìnkùlé wọn kí wọ́n tó dé, ó ti da omidùn nù, ó sì ti da bọ́kẹ́ẹ̀tì dojú bolẹ̀. Báàgì Yétúndé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bí ó ti wù kó rí, ọ̀rọ̀ wà láàárín òun àti Wòlíì, òun ò mọ ohun tóun máa lọ sọ. Ó ní mọ́tò Ìfọ̀n ìkẹyìn ò tíì lọ. Láníyì ní kó má gbé ìyá òun lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so èèyàn. Yétúndé ní ìwọ tó o fún wọn ní májèlé ńkọ́. Ìjà náà tún ń gbéra.

Fúnmiọlá fi wọ́n sílẹ̀. Ó wọ kíṣìnnì, ó gúnyán rírọ̀ kékeré. Ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó sè de ọjọ́ Ìsinmi, ó kó ẹran tó jẹ́ ìpín ọkọ rẹ̀, ó gé e wẹ́wẹ́ nítorí eyín Màmá ò pọ̀ mọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé àwo náà síwájú Màmá níṣojú àwọn méjèèjì, ó sì dúró tì wọ́n.

Màmá fi ẹran kan sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ lọ, wọ́n jẹ ẹ́ bọ̀. Wọ́n dijú.

"Ó dùn," ni wọ́n sọ.

Ìjà dákẹ́. Màmá mú òmíràn. Èyí, wọn ò fi sẹ́nu. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fa etí ìró wọn yọ, wọ́n fi ẹran náà sí i, wọ́n sì ta á ní kókó. Epo ẹ̀gúsí là kọjá lára aṣọ.

"Màmá, ẹ jẹ ẹ́," Fúnmiọlá ní. "Ó ṣì kù níkòkò."

"Rárá o. Ti ọmọ mi ni. Ó máa ghá ulé láti sùkúù láìpẹ́." Wọ́n tún mú ọ̀kan, wọ́n ń wá etí ìró kejì. "Ti Yétúndé nìyí. Èyí kéré. Ó máa sunkún."

Yétúndé fọwọ́ bo ẹnu. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì òfìfo náà, ó lọ fi í pamọ́ sí yàrá Màmá láìdi aṣọ kankan sínú rẹ̀, ó sì padà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ wọn.

Láníyì náà ti kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí ti ìyá rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ jẹ ẹran yín. Láníyì ti jẹun. Ó ti yó."

Màmá wo ojú rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ bo kókó etí ìró wọn.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá," ni wọ́n sọ. "Láníyì kì í yó ẹran."